Àgbéyẹ̀wò Lórí Sọ́fítíwíà Ìkọ́ni àti Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìn-ín-ní Nínú Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà ní Ìlú Kàdúná

Kò sí ọ̀rọ̀ pàtàkì kan nípa kíkọ́ ọmọ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní àwọn pólì ilẹ̀ wa, ì báà jẹ́ ní Ẹdẹ, ní Ìlaròó, ní Ọ̀fà tàbí ní Yábàá, tí kì í gba abẹ́ òrùlé ilé kan kọjá ní òpópónà Bida Road, nílùú Kàdúná. Ibẹ̀ ni NBTE fìdí kalẹ̀ sí, ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977 láti máa ṣe alámòójútó ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ jákèjádò Nàìjíríà, òun ló sì ń la ètò ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tí olùkọ́ gbogbo ń tẹ̀lé. Kàdúná fúnra rẹ̀, ìlú odò ọ̀nì, ìlú tí Lugard tẹ̀ dó ní 1913, ìkóríta tí ojú irin Èkó ti pàdé ojú irin Port Harcourt, ìlú àwọn jagunjagun tó tún di ìlú àwọn onígègé, kò tọrọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: Kaduna Polytechnic, tó bẹ̀rẹ̀ bí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ ní 1956 tó sì di pólì ní 1968, wà níbẹ̀, NDA, ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń tọ́ àwọn ọ̀gá ológun wa, ti wà níbẹ̀ láti 1964, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kàdúná sì dé bá wọn ní 2004. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ bèèrè bóyá àwọn sọ́fítíwíà tí a ṣe nítorí ìkọ́ni ń ran ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, àti irú èyí tó yẹ kí a gbà nínú wọn, n kò mọ ìlú kan ní Nàìjíríà tí ìbéèrè náà yẹ ju Kàdúná lọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ó sì tọ́ kí a wo irú ọmọ tó ń wọ kíláàsì ọdún kìn-ín-ní kí a tó máa yan irinṣẹ́ fún un. Ọmọ tó ti àdúgbò Kakuri wá ní Kàdúná, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ti ń kó òṣìṣẹ́ wọlé kó wọn jáde tọ̀sán tòru nígbà ayé àwọn bàbá rẹ̀, àti ọmọ tó ti Tudun Wada, tàbí Rigasa, tàbí Sabon Tasha wá, ti ní fóònù lọ́wọ́ pẹ́ kí ó tó fojú kan kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọjọ́ ìdánwò JAMB, èyí tí a fi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ni ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà gidi, nítorí láti 2013 ni JAMB ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, tí ó sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn ní 2015. Àánú àwọn ọmọ tí kò mọ bí a ti ń di máúsì mú ṣe àjọ náà débi pé ó ṣètò kí bọ́tìnì mẹ́jọ péré tó fún ìdánwò: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, àti R bí ọkàn bá yí padà. Ìrònú rere ni, kò sì sí aláàánú tó máa bá a wí. Ṣùgbọ́n ohun tó ti inú rẹ̀ jáde ni pé sọ́fítíwíà ìkọ́ni kan ṣoṣo tí ọmọ Nàìjíríà mọ̀ dunjú ni ti ìbéèrè àtijọ́, èyí tí í gbé ìbéèrè jáde, tí í to ìdáhùn mẹ́rin sísàlẹ̀, tí í sì yin ọmọ bí ó bá tẹ èyí tó tọ́. Ọmọ tí a bá fi irú èyí tọ́ ń gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ìdáhùn ti wà níbì kan, pé tirẹ̀ ni kí ó sáà mú un. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú rẹ̀, ọmọ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ̀dá ìdáhùn tí kò sí tẹ́lẹ̀, láti orí pátákó tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀.

Ìṣòro náà kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan, kí a má baà máa dá ara wa lẹ́bi ju bó ti yẹ lọ. Ní 2001, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ kan tí McCracken jẹ́ aṣáájú wọn fún akẹ́kọ̀ọ́ 216, láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní iṣẹ́ kan tí wọ́n lérò pé ẹni tó ti parí ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ṣàìlè ṣe: kí wọ́n kọ prógíráàmù tí yóò máa ṣe ìṣirò bíi ẹ̀rọ ìṣirò kékeré. Nínú máàkì 110, ohun tí wọ́n gbà ní ìpíndọ́gba kò tó 23. Nígbà tó di 2014, Watson àti Li ṣe àkójọ èsì kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ 161 láti orílẹ̀-èdè 15, wọ́n sì rí i pé nínú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ni kì í yege. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ní iná, wọ́n ní íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kọ̀ǹpútà tó tó ọmọ kálukú. Èyí fi hàn pé ìdí ìṣòro náà jìn ju àìtó ohun èlò lọ, àti pé ẹni tó bá rò pé bí a bá ti kó kọ̀ǹpútà kún yàrá, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kò tíì wo ìdí ìkòkò.

Kí ló wá le tó bẹ́ẹ̀? Benedict du Boulay, ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 1986 lọ́nà tí n kò tíì rí ẹni tó borí rẹ̀: ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kò ní àwòrán kankan lọ́kàn nípa ẹ̀rọ tí òun ń pàṣẹ fún, nítorí náà kò mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe nígbà tí àṣẹ òun bá dé etí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kékeré kan tí gbogbo olùkọ́ ọdún kìn-ín-ní mọ̀. A fi 5 sínú A, a fi 7 sínú B, a wá kọ ìlà méjì sí i: A = B, lẹ́yìn náà B = A. Bèèrè lọ́wọ́ kíláàsì ohun tó wà nínú A àti B báyìí, ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn tìdánilójú-tìdánilójú pé wọ́n ti pààrọ̀ ara wọn, pé A di 7, B sì di 5. Ìmọ̀ ìṣirò tí wọ́n kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, nítorí pé níbẹ̀ ni àmì ìlà méjì tó wà lórí ara wọn yẹn ti túmọ̀ sí pé ìhà méjèèjì dọ́gba. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ kò mọ ìdọ́gba kankan níbẹ̀. Ó gbé 7 láti inú B ó sọ ọ́ sínú A, 5 tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì parẹ́ pátápátá, débi pé nígbà tó bá dé ìlà kejì, 7 náà ni yóò tún gbé padà sínú B. Méjèèjì di 7. Ọmọ tí kò bá fojú rí bí 5 ti parẹ́ lè ka ìwé COM 113, ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ prógíráàmù ní ND tó jẹ́ ìpele àkọ́kọ́ ní pólì, láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kí ó kó o sórí, kí ó sì yege pàápàá, kí ọ̀rọ̀ yìí máa ṣe é ní òkùnkùn títí dé HND tó tẹ̀ lé e.

Níbi òkùnkùn yìí gan-an ni sọ́fítíwíà ìkọ́ni ti ní iṣẹ́ láti ṣe, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń gbìyànjú rẹ̀. Ní 1960 ni Donald Bitzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois gbé PLATO jáde, kọ̀ǹpútà tí ń bi ọmọ ní ìbéèrè tí ń dúró de ìdáhùn rẹ̀, òun sì ni bàbá-ńlá gbogbo sọ́fítíwíà ìbéèrè àtijọ́ tí a mẹ́nu bà lókè. Ní 1964, ọdún kan náà tí NDA bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, Kemeny àti Kurtz gbé èdè BASIC kalẹ̀ ní Dartmouth kí àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè máa bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni Seymour Papert, ọmọ bíbí ilẹ̀ South Africa, pẹ̀lú Wally Feurzeig àti Cynthia Solomon, ṣe Logo, tí ìjàpá inú rẹ̀ ń rìn káàkiri ojú pátákó tí ó ń fa ìlà sẹ́yìn bí ọmọ bá ti pàṣẹ. Ìjàpá yìí ti dé ọ̀dọ̀ àwa náà ní Áfíríkà rí, nítorí ní 1982 ni àjọ kan tí ìjọba Faransé dá sílẹ̀, tí Papert wà nínú rẹ̀, gbé kọ̀ǹpútà lọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Dakar, ní Senegal. Ètò náà kò pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Ọdún 2007 ni a tún rí irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tí kọ̀ǹpútà kékeré aláwọ̀ ewé ti ètò OLPC (kọ̀ǹpútà kan fún ọmọ kan) dé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Galadima, lẹ́bàá Àbújá, òun náà kò sì tàn ká orílẹ̀-èdè bí àwọn tó gbé e wá ti lérò. Àwọn ohun èlò wọ̀nyí kò burú. Ohun tí mo rí nínú ìtàn méjèèjì ni pé ohun tí a bá gbé ka orí ẹ̀bùn àlejò, tí a kò so mọ́ olùkọ́ ìbílẹ̀ àti ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, àlejò náà ni yóò bá padà sílé.

Èyí tó wù mí jù nínú àwọn àgbà ni Karel, tí Richard Pattis ṣe ní Stanford tó sì kọ ìwé lé lórí ní 1981. Ẹ̀rọ kékeré kan ni Karel, nínú ìlú tó ní òpópónà gbọọrọ àti òpópónà ìbú, kò sì mọ̀ ju àṣẹ márùn-ún lọ: rìn, yí sí òsì, mú ohun kan, fi ohun kan sílẹ̀, dákẹ́. Wọn kò fún un ní agbára láti yí sí ọ̀tún, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ni yóò ronú jinlẹ̀ títí yóò fi rí i pé ẹni tó bá yí sí òsì lẹ́ẹ̀mẹta ti kọjú sí ọ̀tún, tí yóò sì sọ àṣẹ mẹ́ta yẹn ní orúkọ kan, kí ó lè máa pè é nígbàkigbà. Ọmọ tó bá ti ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀kan ti mọ ohun tí ìwé ńlá ń fi ojú ewé ogún ṣàlàyé. Lẹ́yìn Karel ni Alice dé láti ọ̀dọ̀ Randy Pausch, níbi tí a ti ń mú ère rìn nínú ayé aláwòrán. BlueJ dé ní 1999 láti ọwọ́ Michael Kölling àti John Rosenberg, ó sì jẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ Java rí àwọn ohun inú prógíráàmù rẹ̀ bí àpótí tó lè fọwọ́ kàn. Scratch dé láti MIT ní 2007, èyí tí à ń to bíríkì aláwọ̀ mọ́ra dípò kí a máa tẹ ọ̀rọ̀, tí àṣìṣe àmì ìdánudúró kò sì lè sọ ọjọ́ ọmọ di òkùnkùn. Àwọn ènìyàn kan a máa fojú ọmọdé wo Scratch, pé kò yẹ ọmọ pólì. Òun gan-an ni wọ́n fi ń ṣí ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard. Bí kò bá rẹ Harvard sílẹ̀, n kò rí bí yóò ṣe rẹ Tudun Wada sílẹ̀. RAPTOR ní tirẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà wá, ó ń mú kí àwòrán ọlọ́fà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń fi rúlà yà sínú ìwé di ohun tó ń ṣiṣẹ́, kí ọmọ lè rí i bí iṣẹ́ ti ń lọ láti àpótí kan bọ́ sí èkejì. Ilé-ẹ̀kọ́ bíi NDA lè wo ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun fi yanjú ìṣòro kan náà.

Lórí èyí tó dára jù nínú wọn, ọ̀rọ̀ ti pọ̀, iyàn sì ti gbóná. Ní 2002, Hundhausen, Douglas àti Stasko kó ìwádìí 24 jọ lórí àwọn sọ́fítíwíà tí ń fi àwòrán ṣàlàyé bí prógíráàmù ti ń ṣiṣẹ́. Bí ìdajì nínú wọn ló fi hàn kedere pé àwòrán náà ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù kò fi ìyàtọ̀ gidi hàn. Nígbà tí wọ́n wá wo ohun tó ya àwọn méjì náà sọ́tọ̀, wọ́n rí i pé ẹwà àwòrán kọ́, ìgbàlódé rẹ̀ kọ́: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ àti ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe nígbà tó ń lò ó ni. Ẹni tó jókòó tó ń wò kò jèrè púpọ̀; ẹni tí a mú kí ó sọ tẹ́lẹ̀ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀, tí a mú kí ó fi iye tirẹ̀ dán an wò, ló jèrè. Ẹni tó ti ń wo onílù láti kékeré, tí kò gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, kò lè tìtorí wíwò di àyàn. Lójú tèmi, ìdájọ́ yìí ni òpó tó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró, òun sì ni mo fẹ́ kí olùkọ́ gbogbo máa fi wọn sọ́fítíwíà yòówù tí oníṣòwò bá gbé wá sí ọ́fíìsì rẹ̀: kí ni ọmọ yóò ṣe kí ẹ̀rọ tó fèsì? Bí kò bá sí ohun tí ọmọ yóò ṣe ju kí ó tẹ bọ́tìnì kí ó sì máa wò, eré ìdárayá ni, kódà bí iye owó rẹ̀ bá tó ti ilé.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n wọ́n, àwọn kan tí kò lókìkí ni yóò yọrí. Thonny, tí Aivar Annamaa ṣe ní Yunifásítì Tartu ní Estonia fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ Python, jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀fẹ́ ni, kò tóbi, ó gbé Python wá nínú ara rẹ̀, kò sì bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn tí a bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ. Bí ọmọ bá kọ ìlà mẹ́rin ti A àti B yẹn sínú rẹ̀, tó sì ní kí ó máa lọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, yóò rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú pátákó bí 5 ti ń kúrò nínú A tí 7 ń rọ́pò rẹ̀. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yóò ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n rò sínú ìwé, kí ọmọ kálukú fi orúkọ sí i, kí ó tó gbà pé kí wọ́n tẹ bọ́tìnì; ìyàlẹ́nu tí yóò bá wọn níbẹ̀ ló ń mú ẹ̀kọ́ náà rinlẹ̀. Èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ sọ́fítíwíà. Ní 2006, Dale Parsons àti Patricia Haden, àwọn olùkọ́ ní Otago Polytechnic ní New Zealand, gbé irú ìbéèrè kan jáde níbi tí gbogbo ìlà prógíráàmù ti wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n ti dà rú, tirẹ̀ ni kí ó tò wọ́n. Pólì ló ti wá, ó sì ba pólì mu: a lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, a lè ṣe é lórí fóònù, a sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí a fi sísọ́ọ̀sì gé e.

Bébà ṣe pàtàkì nítorí Kàdúná ni à ń sọ. Ní oṣù October 2024, nígbà tí àwọn wáyà ńlá tí ń gbé iná lọ sí Àríwá bàjẹ́, Kàdúná àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn wà nínú òkùnkùn fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ní oṣù March ọdún kan náà, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já lẹ́bàá Abidjan, àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ láti Èkó dé òkè ọya sì mọ̀ ọ́n lára. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti kúrò ní 2023, jẹnẹrétọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í ké bí ó ti ń ké tẹ́lẹ̀. Python Tutor, tí Philip Guo gbé jáde ní 2010, jẹ́ ohun àrà nínú fífi inú prógíráàmù hàn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a bá gbé ka orí rẹ̀ nìkan yóò dúró ní ọjọ́ tí dátà bá tán. Nínú yàrá kan náà, kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ kì í tó iye ọmọ. A óò rí mẹ́rin tó há mọ́ ara wọn níwájú ojú pátákó kan, ẹni tó di kíbọ́ọ̀dù mú ń kọ́, àwọn mẹ́ta ń wò. Nítorí náà, sọ́fítíwíà tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò lè gbé orí kọ̀ǹpútà àtijọ́, tí kò sì ní ìṣe kan tí a lè ṣe lórí bébà tàbí lórí ilẹ̀ ní ọjọ́ tí iná bá lọ, kò tíì yẹ láti jẹ́ òpó ẹ̀kọ́ ní Kàdúná, bó ti wù kí ó dára tó níbi tí wọ́n ti ṣe é. Tim Bell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New Zealand ti fi ètò wọn tí a ń pè ní CS Unplugged hàn pé a lè fi ṣọ́ọ̀kì ya òpópónà sórí sìmẹ́ńtì, kí ọmọ mẹ́fà gbé nọ́ńbà dání, kí wọ́n máa rìn kí wọ́n máa pàdé ní méjì-méjì, kí wọ́n sì yọ sí òdìkejì ní títò láti kékeré dé ńlá. Ọpọ́n ayò ń bẹ nílé wa. Ihò méjìlá rẹ̀ tó láti fi kọ́ ọmọ bí a ti ń fi iye pamọ́ sí ààyè tó ní nọ́ńbà, àti bí àyípo ti ń lọ láti ààyè kan dé òmíràn títí irúgbìn ọwọ́ yóò fi tán.

Ti fóònù kò ṣeé fojú fò, nítorí òun ni kọ̀ǹpútà tí ọmọ ní ní tòótọ́. Ní Ghana, George Boateng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá SuaCode sílẹ̀, wọ́n fi fóònù nìkan kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní prógíráàmù, ètò náà sì gbòòrò dé àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ní ilẹ̀ wa, àwọn ọmọ ti ń fi Pydroid kọ Python lórí ibùsùn họ́sítẹ̀ẹ̀lì láìjẹ́ pé olùkọ́ kan rán wọn. Ọwọ́ a máa ro wọ́n, nítorí kíbọ́ọ̀dù kékeré kò yá nídìí àmì akọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta tó ń wò lẹ́yìn ẹni kan ní yàrá kọ̀ǹpútà lè di ẹni mẹ́rin tó ń ṣe, bí olùkọ́ bá gbà pé kí wọ́n mú fóònù wọn jáde dípò kí ó máa bá wọn wí nítorí rẹ̀.

Kí a má sì gbàgbé pé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kì í ṣe prógíráàmù nìkan. COM 112 wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ oní-0-àti-1, tí a ti máa ń kọ́ lórí pátákó dúdú láìfọwọ́ kan ohun kan nítorí àwọn ohun èlò rẹ̀ wọ́n. Logisim, tí Carl Burch ṣe tó sì fi tọrẹ fún ayé, ń jẹ́ kí ọmọ so ẹnu-ọ̀nà AND mọ́ OR lórí kọ̀ǹpútà kí ó sì rí i bí iná ti ń tàn tó ń kú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn: kí gbogbo pólì gbà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá gbóná ni ti ìwé ètò ẹ̀kọ́. Ìwé ND tí NBTE àti UNESCO jọ ṣe to Java, BASIC, COBOL àti FORTRAN léra fún ọmọ láàárín ọdún méjì, bí ẹni pé iye èdè tí ènìyàn bá gbọ́ ni ìwọ̀n ọgbọ́n rẹ̀. Olùkọ́ tó ní láti gba inú èdè mẹ́rin kọjá kò ní ààyè láti dúró kí ọmọ rí bí 5 ti parẹ́ nínú A. Handout ni yóò tà, ìyẹn ni ọmọ yóò kó sórí, orí bébà ni yóò sì ti kọ prógíráàmù nínú ìdánwò láìjẹ́ pé ẹ̀rọ kankan ti sọ fún un rí pé ó ṣàṣìṣe. Adìẹ bà lé okùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Èmi kò dá olùkọ́ lẹ́bi. Ẹ̀bi wà lọ́dọ̀ ìwé tó ń sọ èdè tí a óò kọ́ láìsọ bí ọmọ yóò ti rí inú rẹ̀. Èdè kan, tí a bá fi ọdún kan gbáko kọ́ pẹ̀lú irinṣẹ́ tó ń fi inú rẹ̀ hàn, yóò mú kí ọmọ kọ́ èkejì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Yunifásítì ti gbọ́n díẹ̀ sí i nínú èyí, nítorí nínú CCMAS, ètò ẹ̀kọ́ tuntun ti NUC, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe alámòójútó yunifásítì, ẹ̀kọ́ ọdún kìn-ín-ní COS 102 dúró lórí bí a ti ń yanjú ìṣòro kí ẹ̀kọ́ èdè kọ̀ǹpútà gan-an tó dé ní ọdún kejì.

Ọ̀rọ̀ èdè ẹnu pàápàá wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé, Háúsá ni ọjà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kàdúná sì ń gbọ́ mẹ́ta pọ̀. Olùkọ́ ọlọ́gbọ́n a máa kúrò nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó bá rí i pé ojú kíláàsì ti ṣú, yóò fi Háúsá ṣàlàyé, ojú wọn yóò sì là. Anuoluwapo Karounwi ti ṣe Yorlang, èdè kọ̀ǹpútà tí àṣẹ inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, iṣẹ́ akin ni, mo sì fẹ́ kí àwọn olùkọ́ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ọmọ bá ti lóye, kí wọ́n gbé e kọjá sí èdè tí ilé-iṣẹ́ ń lò.

Ìjì tuntun ti jà lé gbogbo èyí lórí láti oṣù November 2022 tí ChatGPT ti jáde. Ṣáájú rẹ̀ pàápàá, àwọn olùkọ́ kan ní Auckland ti fi ìbéèrè ìdánwò ọdún kìn-ín-ní wọn fún Codex, ẹ̀rọ tí ń kọ prógíráàmù; nígbà tí wọ́n to máàkì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ 71, ipò kẹtàdínlógún ló bọ́ sí. Àwọn ọmọ wa ti mọ èyí ṣáájú àwọn olùkọ́ wọn. Ọmọ tó bá gbé iṣẹ́ àmúrelé lọ bá ẹ̀rọ yìí yóò gba prógíráàmù tó dán, kò sì ní mọ ìdí tí ìlà kẹta fi ṣáájú ìkẹrin. Àwọn kan ti ń sọ pé kò sí ìdí láti máa kọ́ ọmọ ní prógíráàmù mọ́. Èmi rí òdìkejì rẹ̀: bí ìdáhùn bá ti di ọ̀fẹ́, ẹni tó lè wo ìdáhùn náà kí ó sọ pé irọ́ ni, tàbí pé òótọ́ ni, ló níye lórí, ẹni yẹn sì ni Karel, Thonny àti ìlà tí a dà rú ń tọ́. Ní àwọn ibùdó bíi CoLab àti KAD ICT Hub ní Kàdúná, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá iṣẹ́ gidi ṣe, kò sí ẹni tó máa sanwó fún ẹni tí kò lè ṣàlàyé ohun tó gbé wá.

Nígbà tí NBTE bá tún ìwé ND ṣe, mo rọ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ohun mẹ́rin sínú COM 113: èdè kan ṣoṣo fún ọdún àkọ́kọ́, ó kéré tán, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan tí ń fi inú prógíráàmù hàn láìlo íntánẹ́ẹ̀tì, tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gbangba, iṣẹ́ orí bébà fún ọjọ́ tí kò sí iná, àti apá kan nínú ìdánwò tí ọmọ yóò ti máa sọ ohun tí prógíráàmù tí a kọ fún un yóò gbé jáde, yàtọ̀ sí kíkọ ọ́ nìkan. Kí wọ́n sì pe àwọn olùkọ́ wá sí Kàdúná fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà ìsinmi láti fi irinṣẹ́ wọ̀nyí kọ́ ara wọn, nítorí ẹni tí kò tíì sọ tẹ́lẹ̀ kí ó sì kùnà kò lè kọ́ ọmọ láti ṣe é. Lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn tí wọ́n rán láti lọ yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò fún ìfọwọ́sí bá dé yàrá kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ti ka iye ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ tán, kí wọ́n pe ọmọ ọdún kìn-ín-ní mẹ́wàá láìyàn, kí wọ́n kọ ìlà mẹ́rin sójú pátákó, kí wọ́n bi wọ́n ní ohun tí yóò jáde kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnì, kí wọ́n sì kọ iye àwọn tó gbà á sínú ìwé ìjábọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kọ̀ǹpútà.